Àwòrán Tó Wúwo Lójú Ìwé Ẹ̀ka Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)



Ní ìpàdé tó kọjá, ẹ ní àwòrán tí a ń gbé sójú ìwé ẹ̀ka wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tètè ṣí, ó sì ń gbé owó dátà yín lọ. Òótọ́ lẹ sọ, àwa la jẹ̀bi. Àwòrán ẹ̀rọ tí wọ́n yọ irin tó bo bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò, bó ti jáde nínú fóònù la ṣe gbé e síbẹ̀: mẹ́gábáìtì 6 fún ẹyọ kan! Àwọn ará ṣíìfù alẹ́ kò rí i títí a fi wọlé bá àwọn ọ̀gá. Wọ́n bi wá pé ẹni mélòó ló tilẹ̀ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. A ò rí èsì fọ̀.

Láti ìgbà náà la ti ń kọ́ ọ. JPEG, tó ti wà láti 1992, ni ọ̀pọ̀ fóònù fi ń ya fọ́tò. Láti 2017 ni iPhone ti ń lo HEIC, èyí tí àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà mìíràn kan kì í ṣí. Google gbé WebP jáde ní 2010. Wọ́n ní ó fi ìdá 25 sí 34 nínú 100 fúyẹ́ ju JPEG tó dára bákan náà lọ. Ọlọ́jà ló ń yin ọjà rẹ̀ o, ṣùgbọ́n a gbé e wò, ó fúyẹ́ lóòótọ́.

Síbẹ̀, fífẹ̀ àwòrán ló ń jẹ dátà jù. Fọ́tò fóònù a máa fẹ̀ tó píkísẹ́lì 4,000. 1,200 ti tó fún wa. Ẹ ṣí Squoosh lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù, ẹ yan WebP, ẹ fi ìwọ̀n dídára sí 75. Inú ẹ̀rọ yín níbẹ̀ ló ti ń ṣe é, kì í gbé àwòrán lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mẹ́gábáìtì 6 yẹn kò tó kílóbáìtì 200 mọ́. Ìwé owó-oṣù ni kí ẹ má ṣe báyìí fún, kí nọ́ńbà má baà ṣú. PNG ni kí ẹ lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ojúlówó rẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ bá gé sọnù kò ní padà. Inú ojúlówó ni ọjọ́ àti aago tí a ya fọ́tò wà, ẹ̀rí wa nìyẹn. Irú fóònù tó yà á wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ibi tí ẹni náà dúró sí pàápàá. Squoosh a máa yọ ìyẹn kúrò nínú ẹ̀dà tí gbogbo ayé máa rí, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tọpa ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Bí ẹ bá fi ojúlówó ránṣẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp, á ti gé e kù kó tó dé ọwọ́ wa. Akọ̀wé wa yóò wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka ní Sátidé láago 4. Ẹ mú fóònù wá, kí ẹ má gbàgbé wáyà rẹ̀.