Bí Ọmọ Wa Bá Fẹ́ Di Dókítà

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò)

 

Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wá bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ajigbèsè ni a tún gbé dé. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ni. Ìdí tó fi kan ìgbìmọ̀ wa ni pé, láti ìgbà tí èsì JAMB bá ti jáde títí di ìgbà tí àwọn yunifásítì bá gba ọmọ wọlé tán, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí wọ́n kọ “owó ilé ìwé ọmọ” sí máa ń pọ̀ lórí tábìlì wa ju èyí tí wọ́n kọ “ọjà” sí lọ. Nínú àwọn wọ̀nyí, tàwọn òbí tí ọmọ wọn fẹ́ di dókítà ni ó máa ń gbóná jù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún 2021, ọ̀kan nínú wa tó ń ta pákó yá ₦600,000. Owó ilé ìwé ọmọ ló kọ sínú fọ́ọ̀mù. Onídùúró méjì fọwọ́ sí i, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyá àgbà tó ń ta èlùbọ́. Àwa náà fọwọ́ sí i, a kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló dínà mọ́ ọmọ tó fẹ́ di dókítà? Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni a tó gbọ́ pé ọkùnrin kan ló kó owó náà lọ. Ó ní òun mọ ẹni tó mọ ẹni ní ilé ìwé ńlá kan, pé àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, pé bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ẹlòmíràn ti gbà á. Ó mú ìwé ìgbàwọlé wá, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ó dán lójú. Ọmọbìnrin náà di ẹrù rẹ̀, ó lọ tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Nígbà tó kàn án, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí, wọn kò rí i. Ó gbé àpótí rẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò padà sílé.

Gbèsè ṣe é san. Bàbá náà san án tán ní oṣù méjìlélógún, ìyá eléèlùbọ́ wa kò sì gbé kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Ti ọmọ ló nira. Máàkì 268 ló gbà nínú 400 ní JAMB ọdún náà, èyí kì í ṣe máàkì ọ̀lẹ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ, nígbà tó sì lanu, ohun tó wí ni pé: “Dádì, ẹ ò gbà pé mo lè ṣe é fúnra mi ni.” Bàbá náà wà láàárín yín níbí lónìí. Òun ló ní kí á sọ ọ́ fún yín, kí á má fi ọ̀kankan pamọ́ àfi orúkọ òun.

Nígbà tí a jókòó tì í, a rí i pé kò ṣe aláìní ìfẹ́ ọmọ, kò sì ṣe ọ̀lẹ. Kò kàn mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí ni, ojú sì ń tì í láti béèrè. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á là á sílẹ̀ bí a ti mọ̀ ọ́n, kí ojú má ba à ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn àgbà inú wa á rántí ayé tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń gba àwọn ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ìjọba tó dá JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978. Nísinsìnyí, inú JAMB ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ tó fẹ́ di dókítà yóò ṣe níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́místìrì àti fíṣíìsì. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é, ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé kò tó ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan. Ọmọ tó mọ̀wé tí kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ọjọ́ ìdánwò ni yóò máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, àkókò á sì ti lọ. JAMB fúnra rẹ̀ máa ń ṣe ìdánwò ìdánrawò kan ṣáájú, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lé e. Bí ẹ bá lè san án, ẹ san án.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní JAMB. SS 1 ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá pín wọn sí kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Nínú WAEC tàbí NECO, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́místìrì àti fíṣíìsì. Fún ẹ̀kọ́ dókítà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gbà kí á lẹ èsì ìjókòó méjì pọ̀. Nítorí náà, ẹ lọ ka ohun tí ilé ìwé tí ọmọ yín fẹ́ béèrè kí ó tó yàn án, kí ó má jẹ́ ẹ̀yìn ìdánwò ni ẹ ó tó mọ̀.

Lẹ́yìn JAMB, yunifásítì náà yóò tún fi àyẹ̀wò tirẹ̀ wò ó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 tí gbogbo ayé ń pè ní Post-UTME. Wọ́n á wá pa máàkì pọ̀. Máàkì tó kéré jù tí JAMB ń kéde lórí rédíò lọ́dọọdún kì í ṣe ti dókítà rárá. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Àyè kò pọ̀. Àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ìyẹn MDCN, ló ń fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye ọmọ tó lè kọ́. Ọmọ tó gba 280 lè máà wọlé níbì kan, kì í sì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé.

Níbi tí àyè bá ti há báyìí ni àwọn oníjìbìtì ti ń rí jẹ. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní CAPS. Ibẹ̀ ni ìgbàwọlé ti ń jáde, ibẹ̀ sì ni ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń sọ pé òun gbà á tàbí òun kò gbà á. Ìgbàwọlé tí kò bá sí níbẹ̀ kì í ṣe ìgbàwọlé, bí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ tilẹ̀ tó àwo. Bí ẹni kan bá ní òun ní àyè tí òun fẹ́ tà fún yín, ẹ ní kí ó fi hàn yín níbẹ̀.

Ohun kékeré méjì tún wà tó ń ba iṣẹ́ ńlá jẹ́. Láti ọdún 2021, nọ́ńbà NIN ni JAMB fi ń gba ọmọ sílẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó bá wà níbẹ̀ náà ni wọn yóò mú. A rí ọmọ tí NIN rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀, tí WAEC rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ọmọ ṣì wà ní SS 2. Èkejì ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ fi èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ ránṣẹ́ sí JAMB nígbà tó bá jáde. Àwọn kan gba máàkì gidi, wọn kò fi èsì ránṣẹ́, wọ́n jókòó sílé wọ́n ń dúró.

Ó ku ti inú ilé, ibi tí ọwọ́ wa ti gùn jù nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa pé ta ló fẹ́ iṣẹ́ yìí, ọmọ ni àbí àwa? Kò sí ohun tó burú nínú kí òbí fẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yunifásítì ní Ìbàdàn ní ọdún 1948 ni “ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ dókítà” ti ń dùn lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, bí kò bá sí ìdíwọ́ kankan. Lẹ́yìn rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn ọ̀gá, owó oṣù wà níbẹ̀, kí ó tó lọ ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan. Ọmọ tó wọlé ní ọdún 17, ẹni ọdún 25 ni yóò jẹ́ kí ó tó parí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí wọ́n tì wọnú rẹ̀ kò lè fara da á tó bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ẹ mọ̀ jókòó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kí ó gbọ́ nípa àìsùn òru àti ẹ̀jẹ̀ kí ó tó gbọ́ nípa aṣọ funfun. Bí ó bá sì tún ní òun fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ní ọdún ìdánwò, ohun tí ọmọ nílò lọ́wọ́ wa kì í ṣe ìwàásù. A mọ̀ ìyá kan tó máa ń jí ọmọ rẹ̀ ní aago mẹ́rin òru, tó sì tún ń fi í jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó wá ń sọ pé ọmọ náà ń tòògbé nídìí ìwé. Kí ni ì bá ṣe? Ẹ yọ ọ́ nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù fún oṣù díẹ̀. Ẹ fún un ní iná tí yóò fi kàwé, ẹ jẹ́ kí ó sùn, ẹ sì jẹ́ kí ó jẹun kí ó tó jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Ìyá yìí wá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá a sọ̀rọ̀, ó ní ọjà kò sì torí ẹ̀ tú.

Ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ kí èsì tó jáde, kí ẹ fẹnu kò sí ohun tí ẹ ó ṣe bí kò bá rí ti dókítà. Ṣé yóò tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀? Ṣé nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, apòògùn tàbí olùtọ́jú eegun àti iṣan ni yóò gbà? Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í ṣe àjẹkù dókítà. Àwọn tó bá sì gboyè nínú sáyẹ́ǹsì lè bá ọ̀nà Direct Entry wọ ẹ̀kọ́ dókítà lẹ́yìn náà ní àwọn ilé ìwé kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ibẹ̀ kéré. Ìpinnu tí a ṣe nígbà tí ọkàn balẹ̀ máa ń dára ju èyí tí a ṣe nínú ẹkún lọ.

Bí kò bá wọlé, a bẹ yín, ẹ má fi í ṣe ọ̀rọ̀ níbi ìnáwó. A mọ̀ bí a ti ń ṣe é: “Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wọlé, èyí ló ṣì wà nílé.” Ọmọ náà wà nídìí àwo jọ̀lọ́ọ̀fù, ó ń gbọ́.

Ti owó wá kù. Ẹ̀yáwó wa kò ju ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn ní lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kò sì lè gbé ọdún mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní JSS báyìí ni kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ọ̀tọ̀ pamọ́. Fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, èyí tí wọ́n ń pè ní NELFUND, kò ní èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọmọ ló sì ń kọ̀wé béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ wa. Ti ilé ìwé aládàáni, ẹ béèrè iye ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kì í ṣe ti ọdún kìíní nìkan. A ti rí ọmọ tó padà sílé ní ọdún kẹta.

Láti ìsinsìnyí, bí a bá fẹ́ yá owó ìgbàwọlé, a ó béèrè ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti CAPS, àpò owó ilé ìwé ni ẹgbẹ́ yóò sì san án sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà yóò bá òbí rẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn kan ti ń kùn pé kí ni ọmọ mọ̀ nípa ẹ̀yáwó. Bí ọmọ oníṣòwò pákó bá ti wà níbẹ̀ ní ọdún 2021, òun ni ì bá kọ́kọ́ sọ pé òun kò gbọ́ nípa àyè kankan.

Ọmọ náà tún JAMB ṣe ní ọdún 2022. Máàkì rẹ̀ gòkè, kò sì tún bọ́ sí ti dókítà ní ilé ìwé tó fẹ́. Ìdílé náà ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀, ó sì gba iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó wá kí wa ní ìsinmi ọdún tó kọjá, ó bá ìyá eléèlùbọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà títí ìyá náà fi gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò. Bàbá rẹ̀ ṣì máa ń ṣèèṣì pè é ní dókítà, òun náà sì máa ń tún un ṣe.

Akọ̀wé ní fọ́ọ̀mù tuntun lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.