Kẹ̀kẹ́ Ọmọ àti Ilé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Àwọn Yorùbá a máa wí pé ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó pọn ọmọ ni ó mọ bí ọ̀nà ti jìn tó, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹrù wà. Ṣùgbọ́n lóde òní, pàápàá láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, inú kẹ̀kẹ́ ni ọmọ sábà máa ń jókòó sí tí òbí rẹ̀ ń tì í kiri. Kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé ni tọkọtaya ti máa ń ra kẹ̀kẹ́ náà, bí ẹni ń ra aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n sì ń rà á: èyí tí ó dán jù lọ ni ojú ń lọ sí. Ọmọ kejì ni ó máa ń fi àṣìṣe náà hàn wọ́n.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí ní agbègbè Peckham. Àkọ́bí ti pé ọdún 2, àbúrò rẹ̀ kò ì tíì pé oṣù 2. Àjà kẹta ni ilé wọn wà, àtẹ̀gùn nìkan ni ó sì lọ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n rà fún àkọ́bí tóbi, ó wúwo, táyà rẹ̀ nípọn bí ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Báwo ni obìnrin kan ṣoṣo yóò ti gbé ìkókó, tí yóò fa ọmọ ọdún 2 lọ́wọ́, tí yóò sì tún gbé kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀? Ìyá ọkọ tí ó ti Ìbàdàn wá wo ọmọ tuntun a ṣàkíyèsí wàhálà yìí fún ọjọ́ mélòó kan, a sì béèrè pé, “Ìyàwó mi, ṣé ọ̀já kò sí ní ìlú yìí ni?”

“Ó wà, mà, ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ yìí kò ì tíì le.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ọrùn tirẹ̀ náà kò ì tíì le ni?”

Ìbéèrè náà dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ ti rí i pé kì í ṣe ọmọ tí ó kéré jù ni ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn, àti pé kẹ̀kẹ́ àti ọ̀já lè jùmọ̀ ṣiṣẹ́.

Ìṣòro àtẹ̀gùn kò sí lọ́kàn àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ rárá. Ní ọdún 1733, William Kent, ẹni tí ó gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ ọgbà àti ilé yíyàwòrán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ Duke ti Devonshire. Agbọ̀n rẹ̀ dà bí ìkarahun, ẹranko kékeré ni a sì ṣe é fún láti máa fà. Ilé ọlọ́lá ni, níbi tí ìránṣẹ́ kò ti wọ́n. Kíká ni ó wá sọ kẹ̀kẹ́ ọmọ di ti gbogbo ayé. Owen Maclaren, ẹnjiníà tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú Spitfire tí ó máa ń ká wọnú, ni ó mú ọgbọ́n náà wá sórí kẹ̀kẹ́ ọmọ ní ọdún 1965, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di bàbá àgbà. Alumíníọ̀mù ni ó fi ṣe é; kò tó kílógíráàmù 3, a sì máa ká bí agboòrùn. Ìyá lè gbé e kọ́ apá kan, kí ó fi apá kejì di ọmọ mú.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ìjókòó irú kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa sọ̀ bí àpò, bẹ́ẹ̀ ni ìkókó gbọ́dọ̀ lè nà gbọọrọ lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá ká jọ, àgbọ̀n rẹ̀ lè tẹ̀ mọ́ àyà, kí èémí má sì ráyè kọjá dáadáa. Títí di nǹkan bí oṣù 6, kẹ̀kẹ́ tí kò tẹ́ pẹrẹsẹ kì í ṣe ti ìkókó, bí ó ti wù kí ó fẹ́rẹ̀ tó. Oríkèé tí ń ká tún ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ Maclaren pe kẹ̀kẹ́ tí ó tó mílíọ̀nù 1 padà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè fi ìbòrí sí oríkèé wọn, nítorí pé ìròyìn ọmọdé 12 ti dé tí oríkèé náà gé ní orí ìka nígbà tí a ń ṣí kẹ̀kẹ́. Ilé tí ó ní ọmọ ọdún 2, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, ni ó yẹ kí ó rántí èyí jù.

Bí ọmọ bá ti di méjì, àwọn ọlọ́jà a máa na ìka sí kẹ̀kẹ́ oníjòókòó méjì. Èyí tí ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rọrùn láti tì, ó sì bá àwọn ìbejì mu gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ọ̀tá rẹ̀. Kí ọkọ tó sanwó, kí ó kọ́kọ́ fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Èyí tí ìjókòó kan wà níwájú èkejì lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, àmọ́ ó gùn, ó wúwo, ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀gbọ́n ni àbúrò sì ń wò láti ilé dé ọjà. Owó rẹ̀ kò kéré; bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan sí i, àkọ́bí yóò ti máa kọ̀ láti jókòó. Pákó pẹlẹbẹ kan wà tí ó ní táyà kéékèèké, tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ oníjòókòó kan, tí ọmọ tí ó ti ń rìn lè dúró lé nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ní ilé tí ọdún 2 wà láàárín ọmọ méjèèjì, pákó yìí sàn ju ìjókòó kejì lọ.

Ọ̀rọ̀ kíká ti dé ilé ẹjọ́ pàápàá. Ní oṣù kejì ọdún 2012, ọkùnrin kan tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn, tí kẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé e kiri, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Wetherby lọ sí Leeds. Obìnrin kan ti gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún irú ọkùnrin náà, ọmọ sì ń sùn nínú rẹ̀. Awakọ̀ ní kí ó sún un kúrò. Ó ní kẹ̀kẹ́ òun kò ṣe é ká. Ọkùnrin náà kò rí bọ́ọ̀sì náà wọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dájọ́ pé kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ ẹni tí ó kọ̀ láìnídìí kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ bú obìnrin náà rántí ohun tí ó ń jẹ́ láti jí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ìgbà tí ó ra kẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, kì í ṣe inú bọ́ọ̀sì.

Ohun tí àwọn olùkọ́ yóò fẹ́ gbọ́ jù ni ti ibi tí ojú ọmọ kọ sí. Láti ọdún 1889 ni William H. Richardson ti Baltimore ti gba ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ tí a lè yí agbọ̀n rẹ̀ padà, kí ọmọ lè kọjú sí ẹni tí ń tì í. Ní ọdún 2008, Suzanne Zeedyk ti Yunifásítì Dundee fi àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ hàn. Ó ní kí àwọn ìyá 20 ti ọmọ wọn lọ́nà méjèèjì, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ọmọ sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì nígbà tí ojú bá kan ojú. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ju ilé mìíràn lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, Gẹ̀ẹ́sì ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ. Ọ̀nà láti ilé dé ọjà wà lára ìgbà díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù fún ìyá láti sọ pé, “Ajá nì yẹn,” “Òjò ti ń ṣú,” kí ọmọ sì máa wo ẹnu rẹ̀. Ọmọ tí ó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, tí ariwo mọ́tò ń bò mọ́lẹ̀, kò ní gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn a máa gbọ́ ọ láti inú àyà ìyá.

Òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ tí ó ṣe é yí padà wúwo ju èyí tí ń ká bí agboòrùn lọ. Fún ìdílé orí àjà kẹta, oníjòókòó kan ni kí ó jẹ́: kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìkókó, kí ó kọjú sí ìyá, kí ó ṣe é ká, kí pákó ẹ̀gbọ́n sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìyá gbé e lọ́wọ́ wò nínú ìsọ̀ pẹ̀lú ọmọ ní apá kejì. Kí ó má ṣe fi àpò ọjà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí iṣu àti òróró lè fà á dá sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń bọ̀ wálé sí Ìbàdàn, níbi tí gọ́tà àti ọ̀kadà ti gba etí ọ̀nà púpọ̀, kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà náà, ọrùn ọmọ yóò ti le, ọ̀já ìyá ọkọ sì wà nínú àpótí.