Ẹ Tú Férémù, Ẹ Tún Bọ́ńpà Ṣe, Ẹ Dá Nọ́ńbà Padà Síwájú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogboogbò

Àwọn alákòóso ní kí àwa tí a mọ̀ nípa ọkọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí dáhùn ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi wá. Ìbéèrè náà ni pé, férémù tí wọ́n fi gbé àwo nọ́ńbà sí iwájú ọkọ̀, báwo ni a ṣe lè tú u kúrò, báwo ni a sì ṣe lè tún ojú ihò tí ó bá fi sílẹ̀ lára bọ́ńpà ṣe?

Lójú, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ó lè gba owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ ibi tí òfin dé. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: férémù ṣeé yọ dànù, bọ́ńpà sì ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà gbọ́dọ̀ padà sí ipò rẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún kan ojú títì.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ìlú tí a ń gbé yìí, ìlú ọkọ̀ ni. Ọdún 1931 ni ilé iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ní Dagenham. Ọdún 2002 ni wọ́n dáwọ́ ṣíṣe odindi ọkọ̀ dúró níbẹ̀, tí ó wá ku ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀, àwọn ilé Becontree tí púpọ̀ nínú wa ń gbé, láàárín ọdún 1921 sí 1935 ni wọ́n kọ́ wọn, nígbà tí òṣìṣẹ́ tí ó ní ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn òpópó ibẹ̀ fi há fún ọkọ̀ òde òní, tí iwájú ilé tí ó jẹ́ ọgbà òdòdó látijọ́ fi di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí a ti ń fi ọkọ̀ há àárín ọkọ̀, tí a ń fi imú rẹ̀ sún mọ́ ògiri, bọ́ńpà ni ó ń jìyà jù, férémù nọ́ńbà ni ó sì ń kọ́kọ́ fọ́.

Àwọn mìíràn ra ọkọ̀ tí ó ti Japan wá, irú èyí tí àwọn awakọ̀ akérò wa fẹ́ràn. Àwo nọ́ńbà Japan kúrú, ó sì ga: 330 mílímítà ní ìbú, 165 ní gíga. Ti ibí gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́: 520 ní ìbú, 111 ní gíga. Férémù ti Japan kò bá nọ́ńbà ti ibí mu, nítorí náà ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ tú u. Àwọn kan tún wà tí orúkọ ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún wọn tí ó wà lára férémù ń bí nínú. Wọ́n ní àwọn kò gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò jẹ̀bi.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1904 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ọkọ̀ máa gbé nọ́ńbà. Lónìí, funfun ni ti iwájú, yẹ́lò ni ti ẹ̀yìn, méjèèjì ni ó sì gbọ́dọ̀ hàn kedere. Ẹni tí kò bá gbé e bí òfin ti wí lè san owó ìtanràn tí ó lè tó £1,000, ọkọ̀ náà kò sì ní yege nínú àyẹ̀wò MOT. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò kúkú wa ọkọ̀ náà, pé ńṣe ni òun gbé e sí ẹ̀bá títì. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú títì ìjọba láìní nọ́ńbà, ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni òfin yóò mú. Inú àgbàlá yín ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí.

Férémù ńkọ́? Òfin kò béèrè férémù. Àwo nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè, kí ó dúró gírígírí, kí ó mọ́, kí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà.

A mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ń rí fọ́tò ọkọ̀ àwọn ẹbí wa ní Amẹ́ríkà tí iwájú rẹ̀ ń dán láìsí nọ́ńbà kankan. Lóòótọ́ ni. Georgia, Florida àti Pennsylvania wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀yìn nìkan tó fún wọn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà yẹn náà, California, New York àti Texas ń béèrè méjèèjì, bí Nàìjíríà ti ń béèrè méjèèjì. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyálé ilé kì í sè é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà níwájú, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pe ọlọ́pàá. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní ìdí láti dá yín dúró lójú A13 ní òru.

BÍ A ṢE Ń TÚ FÉRÉMÙ

Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ iwájú ọkọ̀, kí ẹ nù ún gbẹ. Iyanrìn tí ó bá wà níbẹ̀ ni yóò ha ọ̀dà bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe dè é.

Bí ó bá jẹ́ síkúrù, ẹ ó rí ìdérí ike kéékèèké lórí wọn. Ẹ yọ ìdérí, kí ẹ tú síkúrù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti dípẹtà, ẹ fín òróró bíi WD-40 sí i, kí ẹ ní sùúrù bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí síkúrù bá ń yí lásán tí kò jáde, nọ́ọ̀tì tí ó wà lẹ́yìn bọ́ńpà ni ó ń bá a yí. Ẹ fi ẹ̀mú dì í mú láti abẹ́. Ẹ má fi agbára fà á, nítorí ike ni bọ́ńpà òde òní, yóò ya.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni, ẹ mú ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun, kí ẹ fi yá a lára títí gọ́ọ̀mù yóò fi rọ̀. Ẹ wá mú okùn ìpẹja tín-ín-rín, ẹ fà á gba ẹ̀yìn férémù bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Yóò jáde láìha ọkọ̀. White spirit lára aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nu gọ́ọ̀mù tí ó bá ṣẹ́kù. Ẹ má lo tínà tàbí bẹntiróòlù, wọn yóò jẹ ọ̀dà.

BÍ A ṢE Ń TÚN BỌ́ŃPÀ ṢE

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù.

Ọ̀nà kìíní: ẹ gbé àwo nọ́ńbà tuntun lé ojú ihò. Ẹ wọn ibi tí ihò wà. Bí gbogbo wọn yóò bá bọ́ sí abẹ́ àwo nọ́ńbà, kò sí ohun tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ oní-ọ̀dà. Ẹ fi silikónì dí wọn kí omi má baà wọlé, ó parí.

Ọ̀nà kejì: ìdíhò ike. Àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ìdíhò kéékèèké tí a ń tẹ̀ wọ inú ihò. Bí ọkọ̀ bá dúdú, ojú kò ní tètè rí i.

Ọ̀nà kẹta: kí a dí ihò, kí a sì kùn ún. Ibí ni ó ti yẹ kí a ṣọ́ra. Filler tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń dí ara irin kò dára fún bọ́ńpà. Ike a máa tẹ̀, filler irin kì í tẹ̀, nítorí náà yóò sán láìpẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ńpà, ẹ ó rí àmì bíi PP, EPDM tàbí ABS tí ó ń sọ irú ike tí ó jẹ́. Ẹ fi hàn fún ẹni tí ń ta èròjà kí ó fún yín ní oríṣi alápòpọ̀ méjì tí ó bá ike náà mu. Ẹ fi sánpépà 180 ha etí ihò níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ lẹ àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ fi èròjà kún ihò kí ó yọ sókè díẹ̀. Bí ó bá ti le, ẹ fi 180 rẹ́ ẹ wálẹ̀, kí ẹ fi 320 tẹ́ ẹ. Plastic primer ni ó kàn, torí ọ̀dà lásán kì í di ike mú. Ẹ fi 600 pẹ̀lú omi dán an, kí ẹ tó fín àwọ̀ ọkọ̀ sí i, kí ẹ sì fi ọ̀dà dídán aláìláwọ̀ parí rẹ̀. Nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ yín wà lára àkọlé kékeré kan, lẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ojú ya àwọ̀. Funfun ju oríṣi kan lọ.

Ìkìlọ̀ méjì wà nínú èyí. Èkíní, ọ̀dà alápòpọ̀ méjì tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ní èròjà kan tí a ń pè ní isocyanate, tí ó lè fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́. Iṣẹ́ ilé kọ́ ni. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́ tí ó ní yàrá ìfín-ọ̀dà. Ọ̀dà inú agolo lásán ni kí a fín nílé, níta gbangba, pẹ̀lú ìbòmú. Èkejì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ní ẹ̀rọ rádà tàbí ojú ìṣọ́ ìgbọ́kọ̀sí lára bọ́ńpà. Bí filler tàbí ọ̀dà bá nípọn níwájú rẹ̀, kò ní ríran dáadáa mọ́. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ tó lu ihò kan tàbí kí ẹ tó dí òmíràn níbẹ̀.

Bí bọ́ńpà bá ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe wàhálà. Bọ́ńpà àlòkù tí ó ní àwọ̀ kan náà lè má wọ́n tó iṣẹ́ ọ̀dà.

DÍDÁ NỌ́ŃBÀ PADÀ

Bí ẹ bá fẹ́ àwo tuntun, ọ̀dọ̀ ẹni tí DVLA forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Yóò béèrè ìwé tí ó fi yín hàn àti ìwé ọkọ̀ bíi V5C. Ẹni tí kò bá béèrè nǹkan kan, ẹ sá fún un. Gíga lẹ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ 79 mílímítà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àwo tuntun gbọ́dọ̀ bá ìlànà BS AU 145e mu, kí lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ dúdú lásán láìsí àwọ̀ kejì. Bí ẹ bá ń dè é, kí síkúrù má bọ́ sórí lẹ́tà, kí ó má sì sọ F di E lójú kámẹ́rà. Síkúrù tí a lè dè tí kò ṣeé tètè tú wà lọ́jà, òun ni a fọwọ́ sí jù, nítorí olè.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nọ́ńbà ni orúkọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí ULEZ ti dé gbogbo London, £12.50 ni ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ kò bá ìlànà mu ń san lójúmọ́, kámẹ́rà tí ń ka nọ́ńbà ni ó sì ń mú wọn. Kámẹ́rà ni ó ń ṣọ́ afárá Dartford, òun náà ni ó ń ṣọ́ ihò abẹ́ omi Blackwall láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Olè tí ó bá jí nọ́ńbà yín lè fi kọjá ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ẹ̀yin ni ìwé gbèsè yóò wá bá nílé. Nítorí náà, ẹ má ju àwo ògbólógbòó sínú garawa ilẹ̀ lódindi. Ẹ gé e wẹ́wẹ́.

Bí wọ́n bá jí i, ẹ pe ọlọ́pàá ní 101, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí DVLA mọ̀. Bí ìwé ìtanràn tí kì í ṣe tiyín bá dé, ẹ má sáré san án, nítorí sísan lè dà bí ẹni pé ẹ jẹ́wọ́. Ẹ má sì fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹjọ́ ọlọ́pàá sí i, pẹ̀lú fọ́tò ọkọ̀ yín àti ẹ̀rí ibi tí ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá nira fún láti kọ, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé. A ó jọ kọ ọ́.

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀há ara bọ́ńpà, làpálàpá ni. Ọkọ̀ tí kò ní orúkọ níwájú, ètè ni. Ẹ tún ọkọ̀ yín ṣe kí ó dára, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ẹ bá tú nọ́ńbà má ṣú kí ẹ tó dá a padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ọkọ̀ má kúrò nínú àgbàlá.

Ọ̀nà yóò máa là fún wa o. Àṣẹ.