Ìtàn Adẹ́rùbani Nínú Ìwé àti Nínú Sinimá
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Kinkinau)

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan ní kí a fi owó àpò ẹgbẹ́ ra ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọ wa. Àwọn kan ní owó á ṣòfò, pé kí a kúkú máa fi sinimá hàn wọ́n. Ẹgbẹ́ wá ní kí àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́ sọ èrò wa. Ìtàn adẹ́rùbani ni àwọn ọmọ ń béèrè jù, nítorí náà òun la ó fi wọ̀n ọ́n.

Eré orí ìtàgé ni Aiyé kó tó di sinimá ní 1979. Ola Balogun ló darí rẹ̀, olóògbé Hubert Ogunde fúnra rẹ̀ sì ni Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Bí ọmọ òde òní bá wò ó, ó lè fi ọgbọ́n kámẹ́rà ìgbà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọfọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rín tán. Etí ni ẹ̀rù ibẹ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe ojú.

Tunde Kelani mọ èyí dájú. Ní 2001 ó sọ ìtàn Màgún tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ di sinimá Thunderbolt. Ọmọ Yorùbá fẹ́ ọmọ Ìgbò, ìfura wọ inú ilé, wọ́n fi màgún sí obìnrin náà lára. Màgún kò ní ìwo, kò ní ìrù. Obìnrin tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ni à ń wò, bẹ́ẹ̀ ni ikú wà lára rẹ̀. Lójú tiwa, kò sí èyí tó dára tó o. Àwa tí à ń gbé òkè Ọya, tí àwa àti ẹ̀yà mìíràn jọ ń pọn omi nínú àgbàlá kan, a mọ ohun tí òfófó lè dá sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tí Hausa ti yọ̀ lẹ́nu ju Yorùbá lọ yóò gbọ́ ìtàn náà yé, kò sì ní mú gbólóhùn Yorùbá mẹ́wàá bọ̀.

Ti Fágúnwà ló wá le jù. Láti 1938 ni Ògbójú Ọdẹ ti jáde. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ń ya tirẹ̀ sínú ọkàn ara rẹ̀. Bí sinimá bá gbé ẹyọ kan jáde, tìrẹ kú nìyẹn. Fágúnwà a sì máa dúró láàárín ìjà bá wa ṣàwàdà, a máa gbà wá níyànjú. Ta ni yóò sọ ìyẹn nínú sinimá?

Àbá wa nìyí: kí a ra ìwé Fágúnwà mẹ́rin. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kò lè ka àmì ohùn, nítorí náà kí àwọn àgbà máa kà á sókè fún wọn ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù, fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí a tan sinimá, Aiyé ni kó sì ṣíwájú. Ti Màgún, àwọn tó ti bàlágà nìkan ni kó wò ó. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ìpàdé tó tú.