ARA TÍ Ó SÚ KÌ Í ṢE OHUN ÌPAMỌ́
(Àsọyé fún àwọn ará Kirikiri àti Ajégúnlẹ̀)



Ní ayé àtijọ́, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí àwọn àgbà pe orúkọ ṣànpọ̀nná. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pè é. Nígbà mìíràn wọn a sì fi aláìsàn pamọ́. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ kọ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, ní agbègbè Ogoja, oògùn kò tó láti bupá fún gbogbo ènìyàn. Dókítà William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ilé tí ara ènìyàn ti sú kiri, wọ́n sì bupá fún àwọn tí ó yí aláìsàn ká. Ní ọdún 1970, ṣànpọ̀nná parí ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Ẹ̀kọ́ náà wúlò síbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àrùn mpox yọjú ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Èkó. Ibà, orí fífọ́ àti kókó ọrùn wíwú ni ó sábà ń bá a rìn. Ara a sú ní ojú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ibi ìkọ̀kọ̀. A gba omi, a sì di èépá. Ti èéyi yàtọ̀: ikọ́, ojú pípọ́n àti imú ṣíṣàn ni ó ń ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ojú lásán lè ṣìnà. Àyẹ̀wò ni ó ń fi òtítọ́ hàn.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń lo balùwẹ̀ kan, àrùn ẹnìkan kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sú pẹ̀lú ibà, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ mpox, kí ó bo ojú egbò, kí ó má sì bá ẹlòmíràn lo aṣọ ìnura tàbí kànìnkànìn, títí èépá yóò fi bọ́ tán tí awọ tuntun yóò yọ. Kí aládùúgbò má ṣe fi í ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí wọ́n bá lé jáde yóò gbé àìsàn rẹ̀ lọ fara pamọ́ sí ilé mìíràn. Kí àwọn ìyá sì gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ṣànpọ̀nná parun nítorí pé àwọn ènìyàn fi í hàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí tí ó kù pamọ́.