Òkúta Abúlé Eyam

Bí ẹ bá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kí ìrìn yín mọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ dé abúlé Eyam ní Derbyshire.

Ní 1665, àjàkálẹ̀ àrùn wọ abúlé náà. Ní 1666, àlùfáà wọn, William Mompesson, bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn ò ní jáde, kí àrùn má baà ran àwọn ará ìtòsí.

Ọ̀nà tóóró kan gba inú pápá lọ síbi òkúta kan tó ní ihò. Inú ihò yìí ni wọ́n ń fi owó oúnjẹ sí, pẹ̀lú ọtí kíkan, kí àrùn má baà bá owó jáde. Àwọn ará ìta a sì gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀pọ̀ wọn kú. Ìyàwó àlùfáà náà wà lára wọn. Ẹ rìn dé ìdí òkúta náà, kí ẹ rí ohun tí ìfẹ́ ọmọnìkejì lè ṣe.