Ìwé wo lẹ kà gbẹ̀yìn, níbo lẹ sì kọ ọ́ sí? Ohun tí Johannesburg mọ̀ nípa àkọsílẹ̀ òǹkàwé



Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù Keje, ọdún 1963, àwọn ọlọ́pàá ya bo oko kan tí wọ́n ń pè ní Liliesleaf ní Rivonia, lẹ́yìn ìlú Johannesburg. Wọ́n mú èèyàn, wọ́n sì kó ìwé rẹpẹtẹ. Nelson Mandela kò sí níbẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló sì ń ṣe lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fara pamọ́ sí oko yẹn, ó kọ ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀, àwọn ìwé náà ò sì bá a lọ. Apá kan nínú ohun tí ọlọ́pàá rí kò ju àkọsílẹ̀ ìwé tó ti kà lọ.

Mandela fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jagun, kò sì ṣe sójà rí. Ohun tí ọmọ iléèwé yóò ṣe lòun náà ṣe: ó wá ìwé. Ó ka Clausewitz, ó ka Mao, ó ka Che Guevara, ó sì ka ìtàn ogun tí àwọn Boer bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Bó ṣe ń kà á ló ń kó kókó rẹ̀ jọ sínú ìwé. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ní Pretoria, wọ́n fún àwọn ìwé wọ̀nyí ní nọ́ńbà, wọ́n kó wọn kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Lógúnjọ́, oṣù Kẹrin, ọdún 1964, Mandela dìde sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́. Gbogbo ayé ló mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí, pé ó ti múra tán láti kú. Apá tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí ni ibi tó ti ń ṣàlàyé àkọsílẹ̀ ìwé rẹ̀. Ó ní kókó ohun tí òun kà ni, kì í ṣe èrò ọkàn òun. Ó tún sọ̀rọ̀ nípa ti Liu Shaoqi, ará China tó kọ ìwé nípa bí èèyàn ṣe lè jẹ́ kọ́múníìsì rere. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan ló ń fún un ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó lè wọ ẹgbẹ́ wọn. Mandela ní èdè inú rẹ̀ ti lọ́jú pọ̀ jù, ọ̀rẹ́ náà sì ní kó bá òun tún un kọ lọ́nà tó rọrùn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kò parí rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ta ni kò tíì kọ ọ̀rọ̀ onílọ̀ọ́ sílẹ̀ nítorí kó lè yé e? Ìjọba ìgbà náà kò fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí èèyàn kà àti ohun tó gbà gbọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe àkọsílẹ̀ yìí nìkan ló rán Mandela lẹ́wọ̀n gbére lóṣù Kẹfà ọdún náà, ẹ̀sùn tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ wà lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ó wà lára rẹ̀. Lọ́dún 2007, UNESCO kọ àwọn ìwé ẹjọ́ Rivonia sínú orúkọ ohun ìrántí tí gbogbo àgbáyé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ìjọba náà ní àkọsílẹ̀ ìwé tirẹ̀. Òfin kan tó jáde lọ́dún 1963 gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa yẹ ìwé àti fíìmù wò. Òfin ọdún 1974 tẹ̀lé e. Ìwé kan wà tó jẹ́ pé títà rẹ̀ nìkan ni èèwọ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bá a nílé ẹni, ẹjọ́ ni. Àwọn ìwé tí wọ́n fòfin dè pọ̀ débi pé odindi ìwé atọ́ka kan wà fún orúkọ wọn, Jacobsen's Index of Objectionable Literature, kí àwọn tó ń tàwé àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nadine Gordimer, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1991, gbé ní Johannesburg nígbà ayé rẹ̀. Ìwé rẹ̀ Burger's Daughter jáde ní London lóṣù Kẹfà ọdún 1979. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n ti fòfin dè é. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, wọ́n tú u sílẹ̀.

Ti ilé ìkàwé ńkọ́? Ilé ìkàwé ńlá tó wà láàárín ìlú Johannesburg ti wà láti ọdún 1935. Ọdún 1974 ni wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ẹ̀yà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Soweto lọ́dún tí ilé náà ṣí ti di ẹni ogójì ọdún ó dín ọ̀kan kó tó lè wọlé lọ yan ìwé bí àwọn yòókù.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń yan ìwé. Ẹni tó kà á ló ń sọ fún ẹni tí kò tíì kà á, ìwé kan ṣoṣo á sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ya. Ní ẹ̀wọ̀n Robben Island, Sonny Venkatrathnam, ọmọ Durban, ní ìwé kan tí gbogbo eré Shakespeare wà nínú rẹ̀. Ó fi káàdì ọdún Diwali bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ìwé ẹ̀sìn òun ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, ó gbé e fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀ pé kí kálukú yan ibi tó wù ú, kó buwọ́ lù ú. Àwọn tó buwọ́ lù ú lé ní ọgbọ̀n. Walter Sisulu yan ibì kan nínú The Merchant of Venice. Mandela yan ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ikú àti ojo nínú Julius Caesar, ó sì kọ déètì sí i: ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1977. Orúkọ, ojú ìwé, déètì. Kí ni òǹkàwé tún fẹ́ kọ tó ju ìyẹn lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá náà. Es'kia Mphahlele jẹ́ olùkọ́ ní Orlando, ní Soweto, kí wọ́n tó lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó tako ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ó ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn Drum ní Johannesburg, ó sì kó wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1957. Ó ṣe olùkọ́ ní CMS Grammar School, l'Ékòó, kó tó lọ sí Ìbàdàn. Òun, Ulli Beier, Wole Soyinka àtàwọn mìíràn ló dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1961. Ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Down Second Avenue, jáde lọ́dún 1959. Nígbà tó yá, ìjọba South Africa fòfin de ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ará Ìbàdàn ṣe lè jókòó ka ìtàn ọmọ Marabastad, tí àwọn tó kọ́ ní Orlando ò sì gbọdọ̀ kà á. Ó padà sílé lọ́dún 1977, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Witwatersrand.

Lónìí, kò sí ọlọ́pàá tó ń wo ohun tí ará Johannesburg ń kà. Owó ló ń dí wọn lọ́wọ́. Owó orí VAT ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún wà lórí ìwé níbẹ̀. Ìdánwò PIRLS ọdún 2021 sì fi hàn pé ìdá mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ni kò lè kàwé kó yé wọn. Ilé ìkàwé ńlá yẹn fúnra rẹ̀ tì pa láti ọdún 2020, ọdún 2025 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Àwọn òǹkàwé ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òǹkàwé níbẹ̀ ń dá owó jọ bí ẹni ń dá èésú. Wọ́n á fi ra ìwé, ìwé náà á sì máa yípo. Ẹnì kan á wà tó ń kọ orúkọ ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yá ọ̀rẹ́ níwèé rí, tẹ́ ẹ sì ń rí i lórí pẹpẹ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ẹ mọ iyì irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ń lo fóònù. Goodreads bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, Amazon rà á lọ́dún 2013. StoryGraph ni orogún rẹ̀, Nadia Odunayo ló sì dá a sílẹ̀ ní Britain. Kò pọn dandan kí wọ́n ṣàlàyé irú orúkọ tí Odunayo jẹ́ fún ọmọ Yorùbá. Àwọn méjèèjì rọrùn láti lò, wọ́n ń rántí ohun téèyàn ti gbàgbé, wọ́n sì ń dábàá ìwé tó kàn.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn ṣìnà ni iye. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ sọ iye ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kà lọ́dún, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí kí iye lè pé. Ẹni tó ń ka òkèlè, ìgbà wo ló fẹ́ mọ adùn ọbẹ̀? Mandela sọ pé War and Peace jẹ́ ọ̀kan nínú ìwé tí òun padà sí lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ kà á bí ti fóònù, ìwé kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹni tí àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó sọ nípa àìsàn tó ń ṣe yín, ìwé nípa ìkọ̀sílẹ̀, ìwé nípa ẹ̀sìn mìíràn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ìwé pélébé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín kì í bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ ìwé sí i, ọjọ́ tẹ́ ẹ parí rẹ̀, ẹni tó sọ fún yín nípa rẹ̀, àti ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn yín. Ìlà mẹ́rin ti tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo Goodreads láti ọjọ́ pípẹ́, ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ti lè wa gbogbo orúkọ ìwé yín jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wà á jáde, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ sì fi sínú ìwé pélébé yẹn.